Ìyápọ̀ Oníbàtà àti Táyà Ọkọ̀ Inú Poro

Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí ọyẹ́ tó ń bọ̀ ká mi mọ́ ìta láìsí aṣọ lọ́rùn mi. Òótọ́ ni láti orí dé ìdí. N kò bu iyọ̀ sí i, n kò sì bu omi là á. Àwọn tó kàwé jù mí lọ ti gbìyànjú láti gbé ìtàn yìí, ó wúwo jù fún wọn. Èmi tí mo kọ́ ara mi níwèé ni mo rí i gbé.

Ní Ṣakí, ní àwọn ọdún tí wọ́n ń fẹ ojú títì tó lọ sí Ìṣẹ́yìn, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ìyápọ̀. Bàtà táyà ló ń ṣe, irú èyí tí àgbẹ̀ ń wọ̀ lọ sóko tí ẹ̀gún kò ní ráyè ṣe é ní nǹkan kan. Láti Ìlerò dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ẹsẹ̀ tí kò bá wọ bàtà Ìyápọ̀, ẹsẹ̀ ọmọ ọwọ́ ni. Ẹ gé táyà tí kò fẹ̀ ju ìka kan lọ, ẹ fi aṣọ di Ìyápọ̀ lójú, ẹ gbé e sí i nímú. Á sọ fún yín bóyá ọkọ̀ oníṣu ni wọ́n ti yọ ọ́ àbí ọkọ̀ onímàlúù, á sì tún sọ bóyá dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ náà ń bẹ̀rù ìyàwó rẹ̀.

Àṣìṣe kan ló wà lára rẹ̀. Àwọn baba wa ní ìfura loògùn àgbà. Ìyápọ̀ kò lo oògùn yìí níwọ̀n. Ó ń fi jẹ iṣu láàárọ̀, ó ń fi sùn lálẹ́. Bí ẹ bá kí i pé ẹ kú iṣẹ́, ọwọ́ yín ni yóò kọ́kọ́ wò kó tó dáhùn. Bí ewúrẹ́ bá sín lẹ́yìn àtíbàbà rẹ̀, á dìde lọ wo ẹni tó rán an. Omi tó fọwọ́ ara rẹ̀ fà nínú kànga, á tọ́ ọ wò, á dúró díẹ̀, á fetí sí inú rẹ̀, kó tó mu èyí tó kù.

Ẹni tó fura sí jù lọ láyé ni Ládòkun, ọkùnrin tó ń lẹ táyà ní ẹnu gáréèjì. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le ni pé ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá ìyàwó rẹ̀ ni Ládòkun í ṣe, ó sì ju ìyàwó náà lọ lọ́jọ́ orí. Àna Ìyápọ̀ ni. Bí wọ́n bá pàdé, dandan ni kí Ìyápọ̀ dọ̀bálẹ̀. Á dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ á wà lára ẹsẹ̀ Ládòkun, kó má baà di pé ó tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ dè é níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ títì wá, wọ́n fi ọ̀dà pupa ya àmì sára àtíbàbà Ìyápọ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ọyẹ́ tó kúrò nílẹ̀, katapílà yóò gba ibẹ̀ kọjá.

Ìyápọ̀ bi wọ́n pé, "Kí ló dé tí tèmi fi pupa tó báyìí? Ti aládùúgbò mi kò pupa tó o."

Wọ́n ní, "Baba, inú agolo kan náà ni."

Ó ní, "Mo ti gbọ́." Ṣùgbọ́n kò gbà.

Ibi tí yóò jókòó ṣiṣẹ́ ti di ìṣòro. Oníbàtà tí kò ní ojú títì, ta ni yóò rí i? Ibi kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo àdúgbò náà tó dára tó, òun náà ni yàrá iwájú ilé Àdìgún, tó kọjú sí gáréèjì, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ nínú àti lóde. Ìyápọ̀ ń fẹ́ yàrá yìí bí ẹni ń fẹ́ omi nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Àmọ́ òun nìkan kọ́. Ládòkun ń fẹ́ ẹ. Télọ̀ ń fẹ́ ẹ. Ìdajì àwọn ìbátan Àdìgún ń fẹ́ ẹ.

Àdìgún yìí, iṣẹ́ iná mànàmáná ló ṣe lọ́dọ̀ àwọn Òyìnbó tó ń la títì. Nígbà tí àwọn Òyìnbó kan ń padà sílùú wọn, wọ́n fi ohun ìṣeré wọn sílẹ̀ fún un. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, nítorí ojú tó bá rí i kò ní gbàgbé. Pákó ńlá ni, ó gùn tó yàrá méjì, ó sì lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí odò. Poro tóóró méjì ni wọ́n gbẹ́ sójú rẹ̀, bí poro àárín ebè, wáyà pẹlẹbẹ sì tẹ̀ lé etí poro kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ tó ń sá lórí rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Èèkàn kékeré kan wà lábẹ́ ikùn rẹ̀ tó ń wọ inú poro, èyí ni kì í jẹ́ kó ṣìnà. Bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù ló ń fún un lágbára. Ẹni tó ń wà á yóò di bọ́tìnì mú: bó bá tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ á sáré, bó bá jù ú sílẹ̀, ọkọ̀ á dúró. Bó bá sì sáré jù ní kọ́nà, ọkọ̀ á fò jáde nínú poro, ẹni tó bá dúró sítòsí kọ́nà náà á mú un padà síbẹ̀.

Àwọn Òyìnbó tún fi àpótí mọ́tọ̀ kéékèèké sílẹ̀, ni àwọn ọ̀dọ́ àti àgbà Ṣakí bá bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọkọ̀ tiwọn. Agolo mílíìkì ni wọ́n ń fi ṣe ara rẹ̀, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ sí i níwájú bí ọkọ̀ akẹ́rù. Kò pẹ́ tí gbogbo ìlú fi ń péjọ sílé Àdìgún ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ènìyàn kún tó bẹ́ẹ̀ tí aláǹgbá fi ń tọ ẹ̀yìn ilé kọjá.

Nígbà tí àwọn tó ń tọrọ yàrá kò jẹ́ kí Àdìgún sùn mọ́, ó dìde lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ gbọ́ o. Bí mo bá fún ẹ̀gbọ́n, àbúrò á bínú. Bí mo bá fún àbúrò, ẹ̀gbọ́n á ní mo ti jẹ nǹkan. A ó figagbága. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ṣẹ́gun gbogbo ọkọ̀ tó kù, òun ni yóò wọ yàrá náà, kò sì sí ẹni tí yóò yọ ọ́ níbẹ̀."

Ìyápọ̀ rẹ́rìn-ín sínú. Ta ló mọ táyà ní gbogbo Òkè-Ògùn tó mọ̀ ọ́n? Ó gé táyà ọkọ̀ akẹ́rù tó nípọn jù lọ, ó gbẹ́ ẹ róbótó, ó fi wọ ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀, ó sì gbé e lọ. Ní kọ́nà àkọ́kọ́, ọkọ̀ náà yọ̀ bí ẹni tó tẹ ewé ilá, ó fò kúrò lórí pákó, ó gba orí àwọn ènìyàn kọjá, ó sì bọ́ sínú fìlà àgbàlagbà kan tó wá láti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Baba náà rò pé àdán ni. Ó ju fìlà, ó ju ọkọ̀, ó sáré jáde.

Ládòkun ń rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní, "Ìyápọ̀, ṣé o fẹ́ díje ni, àbí o wá ṣọdẹ?"

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n," ni Ìyápọ̀ dáhùn. Àna ni, kò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti mọ̀ pé ẹ̀rín yẹn ní ohun tó wà nídìí rẹ̀.

Àdìgún kò lé e kúrò nínú ìdíje, ó ní ìyẹn jẹ́ ìdánwò. Ìyápọ̀ padà sí àtíbàbà, ó jókòó ti táyà. Ó wá yé e pé ẹrù ló ń jẹ́ kí táyà ọkọ̀ akẹ́rù di ilẹ̀ mú. Ọkọ̀ agolo kò ní ẹrù, táyà tó le kò ní rí ohun tí yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Rọ́bà tó rọ̀ ló ń wá. Tíúbù inú táyà tí Ládòkun fi wọ ẹsẹ̀ ọkọ̀ tirẹ̀ rọ̀ lóòótọ́, ó sì ń ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n Ìyápọ̀ kò fọwọ́ kàn án. Ó ní ohun tí àna òun ń lò ní gbangba lójú gbogbo ayé, ẹ̀tàn ni. Ojúlówó rẹ̀ wà níbì kan tó fi pa mọ́. Ó gbìyànjú fóòmù bẹ́ẹ̀dì. Fóòmù di pákó mú bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ já lẹ́nu ọmú, àmọ́ kí ọkọ̀ tó yípo délé, ó ti jẹ tán lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó gbìyànjú ìdí sílípáàsì: ó ń dán bó bá ti sá díẹ̀, bó bá sì ti dán, ó di omi. Ó fi awọ màlúù dán an wò, kò tilẹ̀ yẹ ní sísọ.

Ibi tó jókòó sí tó ń ro èyí ni Cornelius, akòdà kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì, ti wá bá a. Bàtà Òyìnbó àtijọ́ kan ló gbé lọ́wọ́, tí ìdí rẹ̀ jẹ́ rọ́bà rúsúrúsú kan tí wọ́n ń pè ní kírépù, tó rí bí wàrà tó gbẹ.

Cornelius ní, "Ìyápọ̀, bá mi yọ ìdí yìí dànù, fi táyà sí i. Ìyọnu rẹ̀ pọ̀. Ó ń lẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì. Bí mo bá ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ṣe ló ń ké bí ọmọ eku, gbogbo ìjọ á wẹ̀yìn."

"Ó ń lẹ̀ mọ́lẹ̀?"

"Gbágbá."

Ìyápọ̀ gbé òòlù sílẹ̀. "Baba, ta ló ní kí ẹ wá sọ bẹ́ẹ̀ fún mi?"

"Ẹsẹ̀ mi ni."

Ìyápọ̀ bojú wẹ̀yìn, ó bojú wo ẹ̀gbẹ́, ó gba bàtà náà. Táyà tó fi sí ìdí bàtà fún Cornelius nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí baba náà fi ga sí i. Kírépù tó bọ́ lára rẹ̀, Cornelius ní kó gbé e jù síná. Ìyápọ̀ ní òun yóò gbé e jù síná. Ó gé díẹ̀ nínú rẹ̀, ó fi sólúṣọ̀n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó jẹ́ kí mọ́tọ̀ yí i lórí sáńpépà títí ó fi róbótó bí ẹyin ojú. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ Ìyápọ̀ sá lọ bí iná oko inú ẹ̀ẹ̀rùn. Ní kọ́nà tí ti àwọn yòókù ti ń yọ̀, tirẹ̀ á di ilẹ̀ mú, á yí, á lọ. Ó borí ọkọ̀ télọ̀. Ó borí ọkọ̀ ọmọ ìyá Àdìgún gan-an. Atẹ́gùn rẹ̀ pa ìṣáná tí ẹnìkan ṣá níwájú ilé.

Ládòkun tún rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyápọ̀, kí lo fi sí i lẹ́sẹ̀?"

"Táyà ni, ẹ̀gbọ́n."

"Mo mọ̀ pé táyà ni. Táyà kí ni?"

"Táyà ọkọ̀ ni."

Ìyápọ̀ kò sinmi mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó rán àpò kékeré kan, ó kó kírépù tó kù sí i, ó so ó mọ́ ìdí lábẹ́ ṣòkòtò. Ọkọ̀ ńkọ́? Ó ṣe àpótí fún un, ó fi àgádágodo tì í. Lórí pákó, bí ọkọ̀ rẹ̀ bá jábọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń fò sáré lọ mú un. Bí ẹnikẹ́ni bá na ọwọ́ sí i, á pariwo, "Ẹ fi í sílẹ̀!" Kó tó gbé ọkọ̀ sínú poro, á di táyà méjèèjì tó wà lẹ́yìn mú, á fi àtàǹpàkò rà wọ́n yíká dáadáa, á tẹ̀ wọ́n, á tún rà wọ́n, kó lè mọ̀ bóyá ẹnìkan ti pààrọ̀ wọn tàbí pé wọ́n ti fi nǹkan sí i.

Ọyẹ́ wá dé. Ẹni tó bá mọ ọyẹ́ Ṣakí mọ ohun tí mò ń wí. Ètè ń la, ilẹ̀kùn ń ké, ọ̀run funfun bí eérú. Lọ́jọ́ Àìkú tí ọyẹ́ mú jù, wọ́n tún sáré. Ìyápọ̀ ti kí ìrun alásárì tán kó tó wá, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ra táyà rẹ̀ dáadáa, ó gbé ọkọ̀ sí poro, ó tẹ bọ́tìnì.

Ọkọ̀ náà yọ̀.

Kì í ṣe pé ó yọ̀ díẹ̀. Ó yọ̀ bí ọmọdé lórí àpáta tí ewédò bò. Ìyápọ̀ sáré lọ mú un, ó tún ra táyà, ó gbé e padà. Ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bó ṣe ń rà á tó, bẹ́ẹ̀ ló ń yọ̀ tó. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wáyà ọkọ̀ ẹni tó ń bá a díje já, òun ni kò jẹ́ kí wọ́n lé e. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ọkọ̀ méjì ló kù: ti Ìyápọ̀ àti ti Ládòkun. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni wọn yóò parí rẹ̀.

Ládòkun fọwọ́ gbá a léjìká. "Ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ ń gbọ̀n. Ṣé òtútù ń mú un ni?"

Ìyápọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún un. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹsẹ̀ náà.

Ó dájú lójú rẹ̀ pé ẹnìkan ń wọlé wá fọwọ́ kan táyà náà. Ó bu eérú, ó wọ́n ọn yí àpótí ọkọ̀ ká, kí ẹsẹ̀ olè lè hàn. Ilẹ̀ mọ́, ó bá ipa ẹsẹ̀ adìẹ. Ó wo ipa ẹsẹ̀ náà títí, ó ní, "Adìẹ ta ni?" Ó fi irun orí rẹ̀ kan lẹ ẹnu ihò àgádágodo. Irun náà wà níbẹ̀ bó ṣe fi í sílẹ̀. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù jù, nítorí olè tó lè wọlé tí irun kò ní já, kì í ṣe olè kékeré.

Ó wá ku ẹnìkan tí kò tíì bi léèrè. Sàfúrátù ìyàwó rẹ̀ ń yan ẹ̀pà lẹ́yìnkùlé, ni Ìyápọ̀ bá dúró tì í.

"Ìyá Sàrátù, ta ló wọ yàrá nígbà tí mo lọ kírun?"

"Èmi ni."

"Kí lo wá ṣe níbẹ̀?"

"Mo wá sùn. Yàrá mi ni, Bàbá Sàrátù."

"Ládòkun kò wá síbí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi? Kó wá ṣe kí ni? Ìgbà tó wá kẹ́yìn, bí ẹ ṣe dọ̀bálẹ̀ tí ẹ ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń wo oká, ó ní òun kò ní padà wá mọ́."

Ìyápọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹnìkan ń fi nǹkan sí táyà mi. Ẹni tó sì mọ ibi tí mo ń gbé e sí ni."

Sàfúrátù dá ọwọ́ ẹ̀pà dúró. Inú ń bí i, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ta lẹ ti jẹ́ kó fọwọ́ kan táyà yẹn rí?"

"Kò sẹ́ni."

"Èmi ńkọ́?"

"N kò gbà fún ọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

"Àdìgún tó ni pákó?"

"Òun ni mò ń ṣọ́ jù."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Sàfúrátù wí. "Ọwọ́ ta ló wá kù?"

Ìyápọ̀ gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, ó wò ó bí ẹni tó ń wo àlejò tí kò sọ orúkọ rẹ̀. Ó gbé e sí imú, imú tó mọ ọkọ̀ oníṣu yàtọ̀ sí ọkọ̀ onímàlúù yẹn.

Òrí ni.

Ẹ̀yin ará ibòmíràn lè má mọ̀. Ní ìgbà ọyẹ́ lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń kírun ń fi omi wẹ ọwọ́ lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ fún àlùwàlá. Ẹ̀ẹ̀kan péré tó láti mú kí awọ ọwọ́ sán bí ilẹ̀ àbàtà tó gbẹ. Nítorí náà, ní gbogbo ilé, igbá òrí kì í jìnnà sí bútà. Bí ènìyàn bá ti ṣe àlùwàlá tó sì kírun tán, á bu òrí, á fi pa ọwọ́. Ìyápọ̀ kì í gbàgbé. Á pa á dáadáa, á gba ilé Àdìgún lọ, á fi àtàǹpàkò tó kún fún òrí yẹn ra táyà yíká, á tẹ̀ ẹ́, á tún rà á. Ìfura rẹ̀ ni olè tó ń wá. Àwọn yòókù náà pa òrí, àmọ́ wọn kò ní ohun tí wọ́n ń wá lára táyà. Ara agolo ni wọ́n ń dì mú.

Ṣé ẹ rò pé ó tijú? Ojú rẹ̀ tún là sí i ni.

"Ta ló ń gbé òrí sí ẹ̀gbẹ́ bútà?"

"Èmi ni," ni Sàfúrátù dáhùn. "Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa gbé e síbẹ̀! Lọ́dún tó kọjá, tí mo gbàgbé, ẹ ní mo fẹ́ kí ọwọ́ yín bó kí ẹ má lè ṣiṣẹ́ mọ́."

Ìyápọ̀ rántí.

Ó gbìyànjú láti fi òrí sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ là ní ọjọ́ kejì, ẹ̀jẹ̀ sì kán sára rọ́bà. Ó gbìyànjú láti di ọkọ̀ mú lórí nìkan. Kò ṣeé ṣe. Bó bá ti gbé ọkọ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ á máa wá táyà lọ bí ọmọ ewúrẹ́ ṣe ń wá ọmú. Kírépù tó sì kù nínú àpò ìdí rẹ̀, táyà méjì péré ló lè jáde lára rẹ̀. Bó bá tún fi òrí ba ìyẹn jẹ́, ó di kó máa wo yàrá Àdìgún lókèèrè, kí katapílà máa wo òun náà.

Ó fi bébà sìmẹ́ńtì di kírépù mú, ó gé e, ó lẹ̀ ẹ́, ó yí i lórí sáńpépà, kò jẹ́ kí ìka rẹ̀ kàn án. Lẹ́yìn náà ló wá gbé àpótí náà lọ síwájú ìyàwó rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó jù ú sílẹ̀.

"Ìwọ ni kó o bá mi dì í mú lọ́jọ́ Àìkú. Kọ́nà tó le jù ni kó o dúró sí."

Sàfúrátù wo àpótí, ó wo ọkọ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi lẹ fẹ́ bá díje o. Ṣé ọkàn yín balẹ̀?"

"Rárá," ni Ìyápọ̀ wí.

"Ẹ ṣeun tí ẹ sọ òótọ́. Ẹ gbé e wá."

Ọjọ́ Àìkú pé. Ilé Àdìgún kún débi pé àwọn kan gun òrùlé, wọ́n ń yọjú láti ibi tí páànù ti ṣí. Àpọ́nlé, tó máa ń bá Àdìgún so wáyà mọ́ bátìrì, ló di aṣọ pupa mú láti fi júwe ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Sàfúrátù gba àárín àwọn ọkùnrin kọjá lọ dúró ní kọ́nà tó le jù, etí aṣọ ìborùn rẹ̀ ló fi di ọkọ̀ Ìyápọ̀ mú lórí, ó sì gbé e sínú poro lọ́nà tí táyà kò kan ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Ládòkun kígbe pé, "Sàfú! Ta lo wá dúró fún, ẹbí àbí ọkọ?"

"Kọ́nà ni mo wá ṣọ́, ẹ̀gbọ́n."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìyápọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo bí obìnrin náà ṣe dáhùn, ó ń wò bóyá ojú rẹ̀ pàdé ti Ládòkun.

Àpọ́nlé ju aṣọ sílẹ̀. Ọkọ̀ méjèèjì gbéra. Kírépù tuntun di pákó mú tó bẹ́ẹ̀ tí pákó fi ń ké. Tíúbù Ládòkun náà kò sùn. Wọ́n yípo, wọ́n yípo, eruku ọyẹ́ ń dìde lẹ́yìn wọn bí ẹni pé ọkọ̀ gidi ló ń bọ̀ láti ìlú Ìràwọ̀. Wọ́n wọ ìyípo ìkẹyìn, imú ọkọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Bí wọ́n ṣe dé kọ́nà Sàfúrátù, wọn kò dín eré. Ti Ládòkun fò jáde. Ti Ìyápọ̀ tẹ̀ lé e.

Sàfúrátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ Ládòkun ló kọ́kọ́ mú.

Ariwo sọ. Ìyápọ̀ rí i kedere. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti ń kó jọ láti ọjọ́ tó ti fẹ́ obìnrin yìí rọ́ wá sẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń ti ara wọn bí èrò tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ìkẹyìn. Bó bá pariwo báyìí, ọwọ́ rẹ̀ á tẹ̀ lé ẹnu. Kò sẹ́ni tó rí Ìyápọ̀ rí kó pariwo láìna ọwọ́ méjèèjì sókè. Bọ́tìnì á bọ́ sílẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó pa ẹnu dé. Àwọn tó dúró tì í sọ pé àwọn gbọ́ bí eyín rẹ̀ ṣe ń lọ ara wọn bí ọlọ.

Ọkọ̀ Ládòkun ti gbéra. Sàfúrátù yíjú, ó fi aṣọ gbé ti ọkọ rẹ̀, ó fi èèkàn bọ poro ṣánṣán, kò wọ́, kò tẹ̀. Ìyápọ̀ tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ pátá. Ládòkun bojú wẹ̀yìn, ó rí ohun tó ń bọ̀, ó kánjú wọ kọ́nà tó kù, tíúbù rẹ̀ sì yọ̀ lórí eruku. Kò jábọ́, ó kàn jó díẹ̀ ni. Ijó yẹn ni kírépù gbà kọjá. Imú agolo Ìyápọ̀ ló kọ́kọ́ dé òpin eré, ó sì sá kọjá tó bẹ́ẹ̀ tó fi la ògiri bíríkì ilé Àdìgún ní ihò tí ọmọ adìẹ lè wọ̀.

Àdìgún gbé kọ́kọ́rọ́ méjì ti yàrá náà lé e lọ́wọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Ládòkun wá, ó dì mọ́ ọn. "Àna mi, kú oríire."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?"

"Ṣé kí n sunkún ni?"

Ìyápọ̀ fa ìyàwó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kí ló dé tó o fi kọ́kọ́ mú tirẹ̀?"

"Tirẹ̀ ló kọ́kọ́ jábọ́."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan, Bàbá Sàrátù. Ká ní tiyín ló kọ́kọ́ jábọ́, tiyín ni ǹ bá kọ́kọ́ mú."

Ó ro ọ̀rọ̀ yìí títí katapílà fi dé. Nígbà tí katapílà wó àtíbàbà rẹ̀, ó ti kó gbogbo táyà rẹ̀ sínú yàrá sìmẹ́ńtì, ó sì ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń kan ìṣó. Lọ́jọ́ náà ló pe Sàfúrátù, ó fún un ní ọ̀kan nínú kọ́kọ́rọ́ méjèèjì lójú àwọn ará gáréèjì. Obìnrin náà so ó mọ́ etí ìró, ó sì ń lọ. Kò tíì dé etí títì tí Ìyápọ̀ fi kígbe.

"Ìyá Sàrátù! Mú un padà wá ná, kí n wò ó bóyá òun náà ni!"

Sàfúrátù kò wẹ̀yìn. Ó dúró kí ọkọ̀ kan kọjá, ó gba títì sọdá, ó lọ. Ìyápọ̀ dìde, ó tún jókòó. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ojú kò fi ká a mọ́. Lẹ́yìn náà ló gbé òòlù, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, kò sì pààrọ̀ àgádágodo yàrá náà títí tó fi darúgbó.

Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wọ ọkọ̀ wá sí Ṣakí, kó béèrè Àpọ́nlé tó ju aṣọ pupa sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn gáréèjì ló ń gbé. Ó ṣì wà láyé, eyín rẹ̀ ló dín, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dín. Ẹ bi í léèrè.